Bàbà Tí Kò Sí ní Òkè Wárikù

Ọdẹ́wálé kò jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ kí i tán kó tó bi í léèrè. Elvire ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn alùpùpù zémìjàn tó gbé e láti Pobè ni, eruku pupa ojú ọ̀nà Towé ṣì wà ní irun àti ìpéǹpéjú rẹ̀. Orúnkún rẹ̀ kò tíì kan ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ fi na ọwọ́ sí i láti orí àga tó ti ń retí rẹ̀ láti àárọ̀.

"Dìde, dìde, kú àbọ̀. Ṣé wọ́n ti débẹ̀?"

"Àwọn wo, Bàámi?"

"Ẹ̀rọ yín ni mò ń wí. Ṣé ó ti kan bàbà yẹn?"

Elvire ní kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ mu omi. Ó wọlé, ó bu omi nínú ìkòkò, ó mu ún tán, ó sì dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ife lọ́wọ́ bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ tó gbàgbé ohun tí wọ́n ní kó mú wá. Láti Natitingou ló ti ń tún ọ̀rọ̀ náà tò lẹ́nu nínú ọkọ̀. Ó ti mọ ibi tí òun máa ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí òun máa parí rẹ̀ sí. Àmọ́ nígbà tó rí ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ tó wú, tó ń dán bíi pé wọ́n fi epo pa á, tó sì gbọ́ bí èémí ṣe ń há a láyà, gbogbo ọ̀rọ̀ náà tú dànù lẹ́nu rẹ̀.

Ó jáde padà síta. "Wọn ò tíì parí, Bàámi."

"Kí wọ́n má kánjú," ni Ọdẹ́wálé wí, ó sì fẹ̀yìn tì. "Ilẹ̀ kì í sá lọ."

Irọ́ ni Elvire pa. Wọ́n ti parí. Wọ́n ti ká àgọ́, wọ́n ti di ẹ̀rọ náà mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, òkè Wárikù sì ti ṣófo padà. Àmọ́ kì í ṣe irọ́ tí ẹnikẹ́ni lè dá a lẹ́bi rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, torí ọ̀rọ̀ bàbà yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òkúta lásán ní ilé wọn. Ọ̀rọ̀ òkú ni.

Ọmọ mẹ́ta ni ìyá Ọdẹ́wálé bí: Ọdẹ́wálé ni àkọ́bí, Jérôme tẹ̀ lé e, Berthe sì ni àbígbẹ̀yìn. Bàbá wọn kú nígbà tí Berthe kò tíì máa rìn. Nígbà tí Ọdẹ́wálé di géńdé, ó gbọ́ pé ìjọba àti àwọn òyìnbó kan ń wá àwọn tó lágbára tó lè gbẹ́lẹ̀ ní òkè lọ́hùn-ún, ní ìhà Natitingou. Ó di ẹrù rẹ̀, ó lọ.

Kì í ṣe ìgbà náà ni ojú kọ́kọ́ kan òkè Wárikù. Àwọn ará abúlé ibẹ̀ ti mọ̀ láti ayébáyé pé òkúta kan wà lára rẹ̀ tó ní àwọ̀ ewé, tí àwọn obìnrin máa ń lọ̀ láti fi kun ara ògiri. Nígbà tí àwọn Faransé ń ṣàkóso, ọ̀kan nínú àwọn tó ń wọn ilẹ̀ fún wọn kọjá níbẹ̀, ó rí àwọ̀ náà, ó mọ̀ pé àmì bàbà ni, ó kọ orúkọ òkè náà sórí àwòrán ilẹ̀ rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Lẹ́yìn òmìnira ni ti àwọn Ọdẹ́wálé. Wọ́n la igbó ní ọ̀nà tó tọ́ bí okùn, wọ́n sì gbẹ́ yàrà gbọọrọ láti ẹ̀gbẹ́ kan òkè náà dé èkejì, kí àwọn jéólógù, àwọn onímọ̀ òkúta àti ilẹ̀, lè rí ojú àpáta tó fara pamọ́ sábẹ́ erùpẹ̀. Lẹ́yìn tiwọn, àwọn mìíràn wá tí kò gbẹ́ nǹkan kan, tí wọ́n kàn ń bu erùpẹ̀ sínú àpò kékeré, tí wọ́n ń gbé e lọ. Gbogbo wọn pátá ló máa ń sọ nígbà tí wọ́n bá ń lọ pé ó jọ pé nǹkan wà níbẹ̀. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó sọ pé kò sí. Bẹ́ẹ̀ ni ìrètí ṣe rí ibi gbé.

Ọdẹ́wálé fúnra rẹ̀ ló ránṣẹ́ pe Jérôme. Ó ní oúnjẹ dájú níbẹ̀, pé iṣẹ́ náà kò le ju oko ríro lọ. Jérôme ga, ó máa ń gun ọ̀pẹ bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn, tó bá sì ti dé orí rẹ̀, orin ló máa kọ tí àwọn tó wà lóko kejì á fi mọ̀ pé òun ni. Ìyá wọn kọ̀. Ó ní ta ni yóò mójú tó oko ọ̀pẹ tí bàbá wọn fi sílẹ̀? Berthe, tó ṣì kéré, di ṣòkòtò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú lẹ́nu ọ̀nà, ó ń sunkún. Jérôme rẹ́rìn-ín, ó tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní ìka kọ̀ọ̀kan, ó lọ.

Òjò tètè bẹ̀rẹ̀ lọ́dún náà. Yàrà tí wọ́n ń gbẹ́ ti jìn ju ènìyàn lọ, ṣẹ́fù, ọ̀gá iṣẹ́ wọn, sì ní wọ́n gbọ́dọ̀ kan àpáta kí òjò tó dé tán. Ẹnikẹ́ni kò fi pákó ti ẹ̀gbẹ́ yàrà náà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ti rọ̀ mọ́jú, Jérôme ló kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀, orin lẹ́nu. Ògiri yàrà náà rọra yẹ̀ bí àgbàlagbà tó fẹ́ jókòó, ó sì jókòó lé e lórí. Ọdẹ́wálé fi ọwọ́ wa ilẹ̀ náà títí èékánná rẹ̀ fi ṣí. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé Jérôme jáde, ẹ̀mí ti bọ́ lára rẹ̀.

Omi ti bo ọ̀nà, kò sì sí ọkọ̀ tó lè gbé òkú láti ibẹ̀ dé Pobè. Abẹ́ igi oṣè ńlá kan ní ẹsẹ̀ òkè náà ni wọ́n sin ín sí, wọ́n kó òkúta jọ lé e.

Nígbà tí Ọdẹ́wálé padà sílé, òkúta aláwọ̀ ewé kan ló fi sọ́wọ́ ìyá rẹ̀. "Màmá, kò kú lásán," ló wí. "Ohun tó wà lábẹ́ òkè yẹn pọ̀. Ìlú máa tẹ̀ dó síbẹ̀. Iná máa wà, ilé-ìwé máa wà. Wọ́n á máa dárúkọ rẹ̀ níbẹ̀."

Ìyá náà wo òkúta yẹn, ó gbé e sílẹ̀. "Orí rẹ̀ ńkọ́?" ló béèrè. "Apá ibo lẹ kọ ọ́ sí nígbà tí ẹ sin ín?"

Ọdẹ́wálé kò rántí. Láti ọjọ́ náà ló ti di ẹni tó ń dúró de òkè kan. Bí rédíò bá ti dárúkọ Atákórà, agbègbè tí òkè náà wà, báyìí, á ní kí gbogbo ilé dákẹ́. Berthe dàgbà, ó lọ sílé ọkọ ní Sakété. Bí ìsìnkú tàbí ìsọmọlórúkọ bá pa wọ́n pọ̀, á kúnlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, á sì dìde. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ìyá wọn, kò tún wọ ilé náà mọ́.

Inú ìtàn yìí ni wọ́n bí Elvire sí. Àwọn ọmọ tó kù ń gbọ́ àlọ́ ìjàpá, òun ń gbọ́ Wárikù. Kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu nígbà tó lọ kọ́ ẹ̀kọ́ òkúta àti ilẹ̀ ní Kùtọ̀nú. Ọdún kìíní ló ti kọ́ ọ pé láti Sakété títí dé Pobè, abẹ́ ilẹ̀ pupa tí wọ́n ń gbin àgbàdo sí yìí, iyanrìn ni àti amọ̀ àti òkúta ẹfun tí òkun kan fi sílẹ̀ nígbà tí ènìyàn kò tíì sí láyé, pé bàbà kò lè sí níbẹ̀ láéláé, torí àpáta tó ti darúgbó, tí iná abẹ́ ilẹ̀ ti sè, ni bàbà máa ń bá gbé. Ó sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

"Ìdí tí a fi lọ jìnnà nìyẹn," ló wí.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan láti òkè-òkun gbà á síṣẹ́, tí wọ́n sì ní òkè Wárikù ni wọ́n ń lọ, orí àga ni Ọdẹ́wálé ti jó. Ohun tí Elvire kọ́kọ́ ṣe nígbà tó débẹ̀ ni pé ó wá igi oṣè náà lọ. Ó bá a. Òkúta tí wọ́n kó jọ náà ṣì wà, torí ìyá arúgbó kan tó ń gbin jéró sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ máa ń yí ọkọ́ rẹ̀ po ibojì náà ni, kì í kọjá lórí rẹ̀. Elvire kúnlẹ̀. "Bàbá Jérôme," ló wí, "ọmọ ẹ̀gbọ́n yín ni mí." Ó ya fọ́tò ibẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí Towé.

Ẹ̀rọ tí ilé-iṣẹ́ náà gbé wá kì í gbẹ́ yàrà. Ṣe ló ń lu ihò tẹ́ẹ́rẹ́ lọ sísàlẹ̀, tó ń fa àpáta jáde bí ọ̀pá, wọ́n á wá tò ó sínú àpótí bó ṣe jáde. Iṣẹ́ Elvire ni láti wo ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Erùpẹ̀ pupa ló kọ́kọ́ jáde. Lẹ́yìn náà ni àwọ̀ ewé. Gbogbo àgọ́ pariwo, Elvire kò sì lè mú un mọ́ra, ó fa tẹlifóònù yọ. "Bàámi, a ti rí àwọ̀ ewé o!" Lọ́jọ́ náà ní Towé, Ọdẹ́wálé pa àkùkọ.

Àmọ́ lábẹ́ àwọ̀ ewé náà, eérú ni. Àpáta aláwọ̀ eérú, ọ̀pá lé ọ̀pá, àpótí lé àpótí. Wọ́n sún ẹ̀rọ náà síwájú, eérú. Wọ́n fi í lu òkè náà ní ìdàgẹ̀rẹ̀, eérú. Nígbà míì wọ́n á rí nǹkan tó ń dán bíi fọ́nrán òwú nínú rẹ̀, tí kò ní gùn tó ìka, á sì parẹ́.

Aristide, ọ̀gá wọn, ọmọ Abomey tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, wá dúró ti Elvire lẹ́bàá àpótí. Ó gbé ọwọ́ lé àpáta náà. "Elvire," ló wí, "òjò ló tàn wá."

Elvire mọ ohun tó ń sọ. Bàbà díẹ̀ tó fọ́n káàkiri inú òkè náà, òjò tó ti ń rọ̀ láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ló ń fọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ló ń kó o jọ sínú àwọn ibi tí àpáta ti sán lókè pátápátá. Ọ̀dà ni. Gbogbo àwọn tó wá ló rí ọ̀dà ara ògiri, kò sì sí ẹni tó kan ilẹ̀kùn wo bóyá ènìyàn wà nílé.

Ohun tó gbé bọ̀ wá sílé nìyẹn, tí kò lè sọ.

Ó lo ọjọ́ díẹ̀ ní Towé pẹ̀lú rẹ̀ lọ́kàn. Àwọn ènìyàn ń wá kí i. Aládùúgbò wọn kan, Pacôme, wá bẹ Ọdẹ́wálé pé bí wọ́n bá ti ń gba òṣìṣẹ́ sí ibi bàbà náà, kó má gbàgbé àwọn ọmọ òun. Ọdẹ́wálé ní kó fọkàn balẹ̀. Ó ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ tòní, kì í ṣe tọ̀la, àmọ́ ó ń bọ̀. Elvire dìde kúrò níbẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ó wọ ọkọ̀, ó lọ bá Berthe ní Sakété.

Ẹ̀gẹ́ ni Berthe ń bó lẹ́yìn ilé. Elvire fa àpótí ìjókòó sí tòsí, ó mú ọ̀bẹ kan, ó ń bá a bó o. Wọ́n bó o títí.

"Tàńtí, kò sí bàbà níbẹ̀."

Ọ̀bẹ Berthe kò dúró. "Ó dáa."

"Kò yà yín lẹ́nu?"

"N kò mọ nǹkan kan nípa òkúta, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n bó sí, bí kò sí, Jérôme kò ní jáde. Ìyẹn ni mo mọ̀."

"N kò tíì lè sọ ọ́ fún Bàámi. Ẹ̀rù ń bà mí pé ó lè pa wọ́n. Ṣé kí n dákẹ́ ni?"

Berthe gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sí aṣọ. "Ẹ̀gbọ́n méjì ni òkè yẹn gbà lọ́wọ́ mi," ló wí. "Ọ̀kan wà lábẹ́ ilẹ̀. Ọ̀kan wà lórí àga ní Towé. Ẹni tó wà lórí àga yẹn, bóyá ó ṣì lè dìde. Sọ fún un. Ṣùgbọ́n má sọ ọ́ bí ìwé ṣe sọ ọ́ o. Sọ ọ́ bí ọmọ."

Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni Elvire gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wá, ó gbé ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ sínú rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ ra á. Ibẹ̀ ló ti sọ ọ́, láìgbé ojú sókè.

Ọdẹ́wálé bi í léèrè. "Àwọ̀ ewé tí o rí ńkọ́?"

"Òjò ló kó o jọ síta, Bàámi. Ojú ilẹ̀ nìkan ló wà. Kò wọnú."

"Ẹ gbẹ́ ẹ jìn?"

"Ó jìn gan-an. Kì í ṣe ibì kan ṣoṣo."

"Kò sí?"

"Kò tó nǹkan."

"N kò bi ọ́ bóyá ó tó. Ṣé ó sí, àbí kò sí?"

"Kò sí, Bàámi."

Ọdẹ́wálé yọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò nínú omi, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó gbé wọn lé ilẹ̀. "Mo parọ́ fún ìyá mi," ló wí.

"Ẹ ò parọ́. Ẹ ò mọ̀ ni."

"Mo sọ ohun tí n kò mọ̀ bí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Kí ni ẹ̀yin tí ẹ kàwé ń pe ìyẹn?"

Ọdẹ́wálé kò jẹun lọ́jọ́ náà, kò jẹ lọ́jọ́ kejì. Rédíò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò ṣí i. Ìgbà tó tún máa lanu, Elvire rò pé omi ló fẹ́ béèrè.

"Bí ibẹ̀ kò bá ní di ìlú," ni ó wí, "kí ni Jérôme ń ṣe níbẹ̀? Ẹ lọ mú un wá."

Ó fẹ́ lọ fúnra rẹ̀. Dókítà ní Pobè ní ọkàn rẹ̀ kò lè gba ìrìn àjò náà. Ìròyìn dé Sakété. Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ kan, zémìjàn dúró níwájú ilé, Berthe sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú àpò kan, ó sì dúró sí ẹnu ọ̀nà tí kò tíì kọjá mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti sin ìyá wọn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ilé."

Ọdẹ́wálé kò lè wò ó lójú. "Berthe, èmi ni mo ránṣẹ́ pè é."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo di ṣòkòtò rẹ̀ mú." Ó gbé àpò náà kọ́ èjìká. "N kò wá torí ìyẹn. Mo wá bá Elvire lọ ni."

Ó wọlé. Ó gbé àpò rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri, ó béèrè ibi tí ìgbálẹ̀ wà.

Àwọn méjèèjì lọ. Àwọn àgbà abúlé náà yọ̀ǹda, ìjọba ìbílẹ̀ sì fọwọ́ sí i. Ìyá arúgbó tó ń gbin jéró fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbé òkúta kan kúrò lórí ibojì náà. Wọ́n gbẹ́ ẹ pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Elvire ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé irú ilẹ̀ yẹn kì í tọ́jú eegun, àmọ́ mímọ̀ ọ́n kò ní kí ó má dùn ún. Eyín díẹ̀ ni wọ́n rí, àti irin ìgbànú tó ti dípẹtà. Ìyókù ti di ilẹ̀ tó dúdú díẹ̀ ju ilẹ̀ tó yí i ká lọ. Berthe tẹ́ aṣọ funfun, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì bu ilẹ̀ dúdú náà sínú rẹ̀, ó ń bá a sọ̀rọ̀ ní ohùn jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń wẹ ọmọ. "Ó tó, ó tó, a ti dé," ló ń wí. "Má bínú pé a pẹ́."

Nígbà tí wọ́n padà dé Towé, Ọdẹ́wálé ti wọ aṣọ mímọ́, ó ti ní kí wọ́n gbé àga òun lọ sí etí ọ̀nà. Wọ́n gbé aṣọ náà lé e lórí itan. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ojú rẹ̀ sì yí padà.

"Ó mà fúyẹ́ o," ló wí. "Ó wúwo lọ́jọ́ tí mo gbé e."

Ìgbà yẹn ni omijé tó wá. Wọ́n sin Jérôme sí ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀. Anicet, katikísì ìjọ wọn, gbàdúrà, àwọn àgbà ẹbí sì ṣe ohun tó kù fún àwọn àgbà ẹbí láti ṣe.

Elvire rò pé ara bàbá òun yóò fúyẹ́ lẹ́yìn èyí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdẹ́wálé ń jẹ ohun tí Berthe bá gbé síwájú rẹ̀, torí Berthe kò padà sí Sakété mọ́, òun ló ń tọ́jú rẹ̀. Wọ́n máa ń jókòó lábẹ́ etí òrùlé, wọ́n á máa sọ ìwà ọmọdé Jérôme, nígbà mìíràn wọ́n á tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Àmọ́ nǹkan kan ti kúrò lára rẹ̀. Bí àlejò bá dé láti ọ̀nà jíjìn, kì í béèrè ìròyìn mọ́. Bí Elvire bá wá ní òpin ọ̀sẹ̀, á bi í bóyá ó jẹun, á bi í bóyá ọ̀nà dára, ó tán.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú. "O ṣe dáadáa," ló sọ. "Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé o kò ṣe dáadáa. O jẹ́ kí n rí àbúrò mi sin." Ó dákẹ́ kí èémí rẹ̀ lè padà. "Ṣùgbọ́n ayé dùn mọ́ mi díẹ̀ nígbà tí mò ń retí."

Ó kú kí àgbàdo tuntun tó gbó.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ sí ẹ̀yìn ilé. Erùpẹ̀ pupa náà ń ga sókè létí kòtò, àwọn tó ń gbẹ́ ẹ sì ń pààrọ̀ ara wọn. Láti ọjọ́ tí Elvire ti kọ́ iṣẹ́ rẹ̀, kò sí ihò tí wọ́n gbẹ́ tí kì í yọjú wo ilẹ̀ inú rẹ̀, ìbáà jẹ́ kànga, ìbáà jẹ́ kòtò ìpìlẹ̀ ilé onílé. Ó dé etí èyí, ó dúró. Ó gbé ojú sókè sí orí àwọn ọ̀pẹ tó wà lọ́ọ̀ọ́kán, kò wo inú kòtò náà. Berthe wá láti ẹ̀yìn, ó so ọwọ́ mọ́ tirẹ̀, àwọn méjèèjì sì dúró bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi gbé Ọdẹ́wálé dé.